Cháájà láptọ́ọ̀pù mi ń tan iná, bátìrì ò gòkè: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Tíṣà Òde Rẹ́mọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ̀yin ọmọ Akárìgbò. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù mi ló gbé mi dé. Tíṣà ni mí. Inú rẹ̀ ni gbogbo máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi wà, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀gá wa sì fẹ́ gba rẹ́súlùtì lọ́wọ́ wa.

Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò ńlá rọ̀ níbí, iná lọ. Nígbà tó dé, gílóòbù pálọ̀ kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó rọlẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń rí i pé láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́ tí mo bá ki cháájà bọ̀ ọ́, àmọ́ bátìrì dúró gbagidi sí 7%. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń kọ síbẹ̀ ni "plugged in, not charging". Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ á kú, iṣẹ́ tí mi ò tíì tọ́jú á sì bá a lọ. Ó tún ń falẹ̀ bí ìgbín, mi ò mọ̀ bóyá èyí náà kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnì kan tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ládùúgbò wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní bátìrì ti kú, kí n lọ ra tuntun. Mi ò ní owó tí mo lè fi dán nǹkan wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Oníṣẹ́ Láptọ́ọ̀pù, Ṣàgámù

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ìnira. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí èèyàn ná owó bátìrì, kó wá jẹ́ pé wáyà ló já.

Ojú ọ̀nà tí iná ń gbà ni kí ẹ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná kúrò lára ògiri, ó gba fíúùsì inú pílọ́ọ̀gì, ó gba wáyà nípọn, ó wọ inú àdápítọ̀ dúdú yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yí iná ilé padà sí iná kékeré tí láptọ́ọ̀pù lè jẹ. Ó wá gba wáyà tín-ín-rín dé ẹnu cháájà, ó wọ ihò ara láptọ́ọ̀pù, ó kọjá nínú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀rọ inú láptọ́ọ̀pù wà lórí rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó kan bátìrì. Torí pé bátìrì ló gbẹ̀yìn, òun ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi.

Ẹ gbé cháájà yẹn lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri gan-an, kì í ṣe ẹkisitẹ́ńṣàn. Ẹ ki pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má tíì so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ṣé iná kékeré ara àdápítọ̀ tàn? Tó bá tàn, ẹ wá ki ẹnu rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ sì tẹjú mọ́ iná kékeré yẹn. Bó bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ ki ẹnu cháájà bọ láptọ́ọ̀pù, tó sì tún tàn nígbà tí ẹ yọ ọ́ tí ẹ sì fún un ní ìsinmi díẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan kan ń fara kanra nínú láptọ́ọ̀pù tàbí nínú ihò rẹ̀, àdápítọ̀ ló ń gba ara rẹ̀ là. Bí kò bá tàn rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ wà láàárín ògiri àti àdápítọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú àdápítọ̀ dé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ nọ́ńbà tó wà níwájú "OUTPUT": fóltì rẹ̀ (bí iná ṣe ń ti ara rẹ̀ tó) àti ámpù rẹ̀ (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ẹ tún wo ẹnu cháájà náà ní ojú mọ́mọ́, kí ẹ sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi sí i, torí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tirẹ̀ máa ń dúró sí 60%, kì í kọjá ibẹ̀. A ti fẹ́ bá onícháájà jà, ká tó rí i pé wọ́n ti tẹ nǹkan kan nínú láptọ́ọ̀pù náà tó ń dáàbò bo bátìrì, tí kì í jẹ́ kó kún. Lenovo pè é ní "Conservation Mode", ASUS náà ní irú rẹ̀. A pa á, bátìrì kún. Àmọ́ 7% tiyín ti kéré jù, mi ò rò pé òun ni.

Ohun kejì tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀: ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ yọ cháájà. Bí bátìrì bá jẹ́ irú èyí tí ọwọ́ lè yọ láti ẹ̀yìn, ẹ yọ òun náà. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè jáde tán. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ tàn án. Nígbà mìíràn, orí rẹ̀ ló dàrú, ìyẹn ló máa ń mú un wálé.

Tíṣà Òde Rẹ́mọ

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Iná àdápítọ̀ tàn, kò sì kú nígbà tí mo ki ẹnu rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù. Mo tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ bí àbúrò mi ṣe wí, kò sí ìyàtọ̀. Ìdí àdápítọ̀ kà báyìí: INPUT 100-240V, 50-60Hz, OUTPUT 19.5V, 3.34A. Ẹnu cháájà rí róbótó, abẹ́rẹ́ kékeré kan sì wà láàárín gbùngbùn rẹ̀, ó tín-ín-rín bí ìrù eku. Kò tẹ̀, kò dá.

Nǹkan tuntun tí mo kíyè sí nìyí. Nígbà tí mo tàn án lẹ́yìn tí mo tẹ bọ́tìnì yẹn, kó tó wọlé, ó kọ ọ̀rọ̀ sójú dúdú pé òun ò lè mọ irú àdápítọ̀ tí mo kì bọ òun, pé òun máa falẹ̀, bátìrì sì lè má gba iná. Ó pẹ́ tó ti ń kọ ọ́, mo kàn máa ń tẹ bọ́tìnì kọjá ni.

Oníṣẹ́ Láptọ́ọ̀pù, Ṣàgámù

Àǹtí, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. Abẹ́rẹ́ àárín yẹn kì í gbé iná tó ń gbé láptọ́ọ̀pù ró. Iṣẹ́ agbẹnusọ ló ń ṣe. Ara ẹnu cháájà lóde ni ilẹ̀ iná, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà, òrùka inú rẹ̀ ló gbé 19.5 fóltì, abẹ́rẹ́ náà sì ń sọ fún láptọ́ọ̀pù pé "èmi ni àdápítọ̀ báyìí, 65 wáàtì ni agbára mi." Ẹ fi 3.34 sọ 19.5 di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 65 yẹn. Bí ohùn abẹ́rẹ́ bá já, láptọ́ọ̀pù á rí iná, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù á máa bà á pé àdápítọ̀ ò lágbára tó. Á dín eré kù, kò sì ní fún bátìrì ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń rìn bí ìgbín. Dell ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù, HP náà ń lo abẹ́rẹ́ àárín. Ẹnu àwọn méjèèjì tilẹ̀ lè wọ inú ara wọn, ṣùgbọ́n èdè tí abẹ́rẹ́ wọn ń sọ yàtọ̀. Ẹni tó bá yá cháájà ẹlòmíì torí pé "ó wọlé", kó rántí èyí.

Nǹkan méjì ló kù. Ẹ yá cháájà ẹni tó ní irú láptọ́ọ̀pù kan náà pẹ̀lú yín, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tiyín mu. Fóltì gbọ́dọ̀ bára mu. Ámpù tirẹ̀ lè pọ̀ ju tiyín lọ, kò léwu, torí ohun tí láptọ́ọ̀pù bá nílò ló máa fà. Ámpù tó kéré ni kí ẹ má gbà, ó lè gbóná jù, kó sì jó. Bí bátìrì bá gòkè pẹ̀lú cháájà yíyá, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí bátìrì àti bọ́ọ̀dù.

Ìkejì, ẹ fi ọwọ́ kan di ọrùn wáyà mú, níbi tó ti wọ ẹnu cháájà, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, sósì, nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà ní títàn. Bí bátìrì bá fẹ́ gba iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì tún dáwọ́ dúró, wáyà ti já nínú ọrùn yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu mítà tọ́ abẹ́rẹ́ yẹn kó sì fara kan òrùka lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 19.5 fóltì bá gba ọ̀nà abẹ́rẹ́ lọ, ó lè jó ẹ̀rọ kékeré inú àdápítọ̀ tàbí kó ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Mo ti rí i, ọ̀rọ̀ kékeré ló di ńlá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé mo já sí i. Ìdí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni ọ́fíìsì mi wà. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná wa máa ń wálẹ̀ bàìbàì, cháájà láptọ́ọ̀pù mi á sì máa ṣẹ́jú. Ṣé ìyẹn ló ń pa á? Cháájà kejì rèé lọ́dún yìí. Èyí tí mo ní báyìí jẹ́ Type-C. Ẹnì kan ní kí n máa fi cháájà fóònù mi ṣe é, kò gbé e.

Oníṣẹ́ Iná, Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò, èmi ni kí n dáhùn ti ẹ̀rọ pákó. Ẹ wo ohun tí Àǹtí Tíṣà kà fún wa: 100 sí 240. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe àdápítọ̀ yẹn ti ṣe é kó lè fara da iná tó bá wálẹ̀ dé 100 fóltì. Iná tó rẹlẹ̀ kì í sábà pa á. Á kàn ṣẹ́jú ni, tàbí kó dákẹ́, bí iná bá wálẹ̀ ju 100 lọ. Èyí tó ń pa á ni iná tó ga, pàápàá èyí tó ga lójijì.

Ohun tí Àǹtí Tíṣà sọ nípa gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù ló ń kọ mí lóminú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ilé wa sábà máa ń gba fésì kan (wáyà tó ń gbé iná wá) pẹ̀lú nútírà kan (wáyà tí iná ń gbà padà). Láàárín fésì kan àti nútírà, iná bíi 230 fóltì ló yẹ kó wà. Láàárín fésì méjì, iná tó tó 400 ló wà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀ka igi bá já nútírà lórí òpó, ilé kan á rí iná tó rẹlẹ̀, ilé kejì á rí èyí tó ń lọ sí 400 yẹn. Gílóòbù á mọ́lẹ̀ yàà, fáànù á máa sáré, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́ "pọ̀ọ̀" láti inú fíríìjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí i pé gílóòbù mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sáré lọ fa súwíìsì ńlá lẹ́nu mítà ilé wálẹ̀. Ẹ má dúró yọ pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ bi aládùúgbò bóyá tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ké sí àwọn tó ń bójú tó òpó.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ cháájà. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní àsìkò òjò, tí àrá bá ti ń sán, kò sí ohun ààbò kankan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé bíi kí pílọ́ọ̀gì wà nílẹ̀, kó má sí lára ògiri.

Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ńkọ́? Ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa ná, kí ẹ tó ki láptọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́. Nígbà tí epo bá fẹ́ tán, tó ń mí gúlegúle, iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò nìyẹn, ẹ tètè yọ ọ́. Bí ìnfátà yín bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tí àdápítọ̀ ń kùn bí oyin lórí rẹ̀, tó sì ń gbóná, ìnfátà náà ò fún un ní iná tó jọ̀lọ̀. Ó lè gbé e, àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ò ní gùn.

Mo tún ń bẹ̀ yín nípa fíúùsì inú pílọ́ọ̀gì. Tí wáyà láptọ́ọ̀pù bá bá fíúùsì 3 ámpù wá, 3 ni kí ẹ fi dípò. Mo ń rí ẹni tó wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn, pé "ó ń ṣiṣẹ́". Fíúùsì yẹn ló yẹ kó já kí ilé má baà jó. Ẹni tó bá wé bébà mọ́ ọn ti yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ti Type-C, Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó: cháájà fóònù púpọ̀ ò kọjá 5 tàbí 9 fóltì, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń fẹ́ 20. Cháájà tó ń sọ èdè tí wọ́n ń pè ní Power Delivery ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n kọ 20V sí lára, tí wáàtì rẹ̀ tó ti láptọ́ọ̀pù yín. Ẹ tún wo wáyà náà. Wáyà lásán ò lè gbé ju 60 wáàtì lọ, bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀, wáyà tí wọ́n kọ 100W tàbí 5A sí ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ihò Type-C ló ń gba iná wọlé, ẹ wá àmì mànàmáná tàbí ti pílọ́ọ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ẹnì kankan ò tíì mẹ́nu ba bátìrì tó bá wú. Ti ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń fi ìka fà níwájú láptọ́ọ̀pù ga sókè díẹ̀díẹ̀, ó ní "Màmá, kò ṣe nǹkan kan." Orí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ló sì ti máa ń ṣáàjì rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀ tó gbé e sórí tábìlì tó rí i pé kò jókòó dáadáa mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ pa á, ẹ yọ cháájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé kó rọlẹ̀, ẹ má fi nǹkan ṣóńṣó gún un. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Cháájà náà, ilẹ̀ títútù tàbí orí tábìlì ni ipò rẹ̀, kì í ṣe lórí tìmùtìmù tí ooru ò ti ríbi jáde.

Ọmọ Ṣàgámù Tó Wà L'Ékòó

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́, kí ló dé tí àǹtí ò kàn ní ra cháájà olówó pọ́ọ́kú ní tiwọn, kí wàhálà tán? Wọ́n pọ̀ nígboro.

Oníṣẹ́ Láptọ́ọ̀pù, Ṣàgámù

Àbúrò mi, mo ti ṣí ọ̀pọ̀ àwọn yẹn. Wọ́n kọ 65 wáàtì sí ìdí rẹ̀, nígbà tí a ṣí i, irin tó ń lé ooru jáde nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo mílíìkì. Òmíràn ní abẹ́rẹ́ láàárín tí kò so mọ́ nǹkan kan, kí ó ṣáà ti jọ ojúlówó. Tókunbọ̀ ojúlówó sàn fún mi ju ayédèrú tuntun lọ, bí wáyà rẹ̀ bá ṣì le. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ, kó ṣáàjì fún ìdajì wákàtí níwájú ẹni tó ń tà á. Kó gbé àdápítọ̀ lé àtẹ́lẹwọ́. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ọwọ́ ò bá lè gbà á, kó dá a padà.

Àti pé ti Àǹtí Tíṣà, àdápítọ̀ wọn ò tíì kú. Kí ló dé tí a ó fi jù ú nù?

Tíṣà Òde Rẹ́mọ

Mo ti dé o. Mo yá cháájà ẹnì kan tí a jọ ń kọ́ni. Bó ṣe wọlé, iná ọsàn ara láptọ́ọ̀pù tàn, ọ̀rọ̀ ojú dúdú yẹn ò jáde mọ́, 7% di 8%. Ọkàn mi balẹ̀ pé bátìrì ò kú. Mo wá tẹ ọrùn wáyà tèmi bí ẹ ṣe wí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sósì díẹ̀, á gba iná, tí mo bá tú u sílẹ̀, á kọ̀.

Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe lọ́nà ọjà, mo sì ka ohun tí ẹ kọ nípa abẹ́rẹ́ sí i létí. Ó fi bíléèdì gé wáyà náà ní ìwọ̀n ìka méjì sí ẹnu rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló jáde: bàbà tó hun yí ká lóde, èyí tó nípọn nínú rẹ̀, àti ẹ̀kẹta tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó la ọrùn tó gé kúrò. Òwú yẹn ti já síbẹ̀, ó ti dúdú lórí, èèpo rọ́bà nìkan ló dì í mú. Òjò ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wé wáyà náà mọ́ àdápítọ̀ pinpin kí n tó jù ú sínú báàgì, ibi tó ti ń ṣẹ́ po gẹ́lẹ́ ló ti já.

Ó ní ẹnu cháájà kan tó yọ lára èyí tó ti jó, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Ó jó lẹ́ẹ̀dì lé wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi rọ́bà bo ìkọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà kanra. Ó fi mítà wọn ara òde àti inú kó tó jẹ́ kí n ki cháájà bọ láptọ́ọ̀pù: 19.6 fóltì. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Ó ti ń gba iná báyìí. Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Iná, fíríìjì aládùúgbò wa kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn lóòótọ́, a ti jọ lọ fi tó àwọn tó ń bójú tó òpó létí. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni mo ṣe máa mọ ìlera bátìrì náà fúnra rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Àǹtí, bí Windows bá ni, ẹ tẹ cmd síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ ṣí i, ẹ kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Á sọ ibi tó kó fáìlì náà sí. Ẹ ṣí i, ẹ wá nọ́ńbà méjì: "Design Capacity" ni bó ṣe lágbára tó nígbà tó wà ní tuntun, "Full Charge Capacity" ni ohun tó lè gbà báyìí.

Tíṣà Òde Rẹ́mọ

Mo rí i. Ti tuntun jẹ́ 42,000, ti ìsinsìnyí jẹ́ 29,400.

Oníṣẹ́ Láptọ́ọ̀pù, Ṣàgámù

Ìdá méje nínú mẹ́wàá ló kù. Ẹ lò ó lọ, Àǹtí. Tó bá wálẹ̀ sí ìlàjì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó tuntun. Láti òní lọ, ẹ ká wáyà náà ní róbótó ńlá bí okùn ìfami, kí ọrùn rẹ̀ má ṣẹ́.

Tíṣà Òde Rẹ́mọ

Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti dé 63% bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń lọ tẹ máàkì JSS 2 kí iná tó tún lọ.